Alùpùpù Òjò Dídì Tí Apá Wa Ká

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Nígbà tí a sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa kan ní ilé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì wí pé: "Àbúrò mi, kí ni ọmọ ẹni tí kò mọ òtútù ju ti ọyẹ́ lọ ń wá lórí òkè tí ó funfun bí òwú?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, ìdáhùn rẹ̀ kò sì kúrú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá wa dé òpin, a gbàgbọ́ pé ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan ilé yín pẹ̀lú, bí òjò dídì kò tilẹ̀ rọ̀ rí ní àgbègbè yín.

Ní ìpínlẹ̀ Utah ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Ọlọ́run fi àwa àti ìdílé wa sí láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ìlú Salt Lake City tí a ń gbé ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 4,200 ẹsẹ̀. Àwọn òkè Uinta tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, tó bẹ́ẹ̀ tí ṣóńṣó Kings Peak, tí ó ga jù nínú gbogbo wọn, lé ní 13,500 ẹsẹ̀. Nígbà òtútù, òjò dídì a bo ọ̀nà ọkọ̀ tí ó gba àárín àwọn òkè náà kọjá láti ìlú Kamas, èyí tí wọ́n ń pè ní Mirror Lake Highway, ìjọba a sì tì í mọ́ àwọn ọkọ̀. Nígbà náà ni ọ̀nà náà di ti àwọn tí ń gun ẹ̀rọ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní snowmobile.

Nínú ilé wa, alùpùpù òjò dídì ni a ń pè é, nítorí bí a ti ń gun alùpùpù ni a ń gùn ún: ìjókòó rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ sì dà bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní táyà. Níwájú, ó ní pátákó pẹlẹbẹ méjì tí orí wọn ká sókè, tí ń yọ̀ lórí òjò dídì, tí a sì fi ń darí rẹ̀. Lẹ́yìn, ó ní bẹ́líìtì rọ́bà gígùn kan tí ó ní eyín. Ẹ́ńjìnì ni ó ń yí i, òun náà a sì máa ti òjò dídì sẹ́yìn bí ẹni ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lórí omi.

Kì í ṣe nítorí eré ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ní ìlú Valcourt, ní ẹkùn Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń tún ọkọ̀ ṣe, orúkọ rẹ̀ ni Joseph-Armand Bombardier. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń gbìyànjú láti ṣe ohun tí yóò lè sáré lórí òjò dídì. Ní ìgbà òtútù ọdún 1934, ọmọ rẹ̀ kékeré ṣàìsàn inú. Òjò dídì ti dí gbogbo ọ̀nà, kò sì sí ọkọ̀ tí ó lè gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, ó sì kú. Bàbá náà kò jẹ́ kí ìbànújẹ́ so òun lọ́wọ́. Ní ọdún 1937 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí bẹ́líìtì àti àgbá eléyín tí ń yí i, ó sì ń ṣe ọkọ̀ ńlá tí ń gbé àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àpò lẹ́tà la òjò dídì kọjá. Ó di ọdún 1959 kí ó tó gbé èyí tí ó kéré jáde, tí ènìyàn kan tàbí méjì lè gùn, tí a pè ní Ski-Doo. A sọ ìtàn yìí kí gbogbo ẹni tí ń gun irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè rántí pé ẹni tí ó sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀ jẹ́ bàbá kan tí ó sọkún ọmọ rẹ̀. Kò yẹ kí bàbá mìíràn tún fi í sọkún ọmọ tirẹ̀.

Àwọn ará kan nínú ìjọ wa, tí a bí sí ẹsẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyí, ni ó kọ́ wa ní eré náà ní ọdún 2006. A fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí a bá pa ẹ́ńjìnì lórí òkè ní òwúrọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ń bẹ níbẹ̀ a máa mú kí ènìyàn fẹ́ bọ́ fìlà rẹ̀ bí ẹni wọ ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ìgbéraga wọ inú wa. A rí i pé ẹ̀rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tóbi ju tiwa lọ. A ta tiwa, a sì ra èyí tí ó tóbi tí ó sì lágbára jù ní àgbègbè wa. Kì í ṣe pé apá wa ká a. A fẹ́ kí a rí wa lórí rẹ̀ ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2011, a gùn ún wọ inú igbó igi páìnì. Lábẹ́ irú igi bẹ́ẹ̀, níbi tí ẹ̀ka ti ṣíji bo ìdí rẹ̀, òjò dídì kì í kún. Ihò a máa wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí. A fẹ́ yà, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò yà. Ó gbé wa lọ tààrà sí ìdí igi kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú ihò náà, ó sì tẹ ẹsẹ̀ òsì wa mọ́lẹ̀. Gbogbo agbára wa kò lè mì ín. Ogójì ìṣẹ́jú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wa fi ṣọ́bìrì gbẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yọ wá jáde. Egungun ẹsẹ̀ wa ti kán. A fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, a ta ẹ̀rọ náà, a sì sọ fún aya wa pé ó parí.

Ó sì parí fún ọdún méjìlá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọmọ wa ọkùnrin, ẹni ọdún 21, fi owó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ra àlòkù kan. Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí ó gùn ún lọ, aya wa kò lè jẹun. Ó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé títí iná ọkọ̀ ọmọ náà fi tàn sí àgbàlá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó wí fún wa pé: "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ti sọ pé ẹ kò ní gun nǹkan náà mọ́, èmi náà kò sì fẹ́ kí ẹ gùn ún. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ní fi í sílẹ̀. Bí ó bá ní aṣọ bíi tiyín, kò ní àkísà bíi tiyín. Ẹnì kan gbọdọ̀ wà níbẹ̀ tí yóò sọ fún un pé ó tó. Ta ni kí ó jẹ́?" A kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Òwe àwọn àgbà ni ó fi bá wa wí, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ẹsẹ̀ òsì wa.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa, ní ẹni ọdún 53, ṣe padà sí ilé ìtajà. A jẹ́wọ́ fún yín, ẹ̀yin ará, pé bí a ti wọlé, èyí tí ó tóbi jù ni ojú wa tún lọ bá. Ọdún méjìlá kò kọ́ wa tó bí a ti rò. Ẹni tí ń tà á kò tàn wá jẹ. Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí ó sọ. Ó ní afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́, nítorí náà ẹ́ńjìnì a máa pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún 1,000 ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a bá gùn sókè. Èyí tí ó ní agbára ẹṣin 165 ní etí òkun kì yóò ní ju nǹkan bí 115 lọ bí ó bá dé 10,000 ẹsẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe fi turbo sí òmíràn, tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì kí agbára rẹ̀ má baà dínkù. Ó ní bẹ́líìtì gígùn tí ó jẹ́ 165 íǹṣì kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ rì nínú òjò dídì tí ó jinlẹ̀. Owó èyí tí ó fi hàn wá lé ní dọ́là 18,000, a sì ti ń ṣírò bí a ó ti máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ wa kò bá wa jiyàn. Ó kàn wí pé: "Bàbá mi, ẹ má bínú. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a jáde sí ẹ̀yìn ilé." Àlòkù kan tí ó tó ti inú ilé ní títóbi wà níbẹ̀ lórí òjò dídì. Ó gba àṣẹ lọ́wọ́ olùtajà, ó sì ní kí a dúró lórí ibi ìtẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀, kí a fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, kí a sì mú un tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ti ń yà lórí òkè. A fà á, a tún fà á. Ó mì, kò tẹ̀. Òun bá wa mú un dùbúlẹ̀, ó sì ní kí àwa nìkan gbé e dìde. A tẹ orúnkún, a fi èjìká tì í, òógùn bò wá nínú òtútù. A kò lè gbé e. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé: "Bí èmi kò bá sí nítòsí ńkọ́, Bàbá mi?"

Níbi tí a dúró sí ni a ti rántí Dáfídì àti ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé Sámúẹ́lì kíní mọ ìtàn náà. Nígbà èwe wa ní ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi, a rò pé ìhámọ́ra náà ni kò dára. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìhámọ́ra ọba ni, kò sì sí èyí tí ó sàn jù ú lọ ní ilẹ̀ náà. Ohun tí Dáfídì mọ̀ ni pé òun kò lè rìn nínú rẹ̀, òun kò sì tíì dán an wò. Ọ̀dọ́mọdé ni nígbà náà, síbẹ̀ ojú kò tì í láti bọ́ ọ kúrò níwájú ọba. Àwa tí a ti ní ewú lórí ni ojú ń tì láti sọ fún olùtajà pé apá wa kò ká a. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, a sì lọ sí ilé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wádìí ohun tí ń mú kí ẹ̀rọ orí òkè rọrùn lọ́wọ́ ẹni tí ń padà bọ̀. A ó sọ díẹ̀ fún yín. Èkíní ni ìwúwo. Púpọ̀ nínú wọn wọ̀n láàárín 400 sí 500 pọ́nùn láìsí epo. Gálọ́ọ̀nù epo 10 yóò sì fi nǹkan bí 60 pọ́nùn kún un. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwúwo náà wà ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Èyí tí ìwúwo rẹ̀ kó jọ sí àárín, nítòsí ẹsẹ̀ ẹni tí ń gùn ún, a máa tẹ̀ wẹ́rẹ́. Èyí tí ìwúwo rẹ̀ wà níwájú a máa ri imú bọ inú òjò dídì.

Èkejì ni àyè tí ó wà láàárín pátákó méjì iwájú. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún ọ̀nà títẹ́jú a máa ya ẹsẹ̀ ní nǹkan bí 42 íǹṣì kí ó má baà ṣubú. Ti orí òkè kò ju nǹkan bí 35 íǹṣì lọ. Ẹni tí ń padà bọ̀ yóò rò pé èyí tí kì í ṣubú ni ó rọrùn. Ṣùgbọ́n lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, èyí tí kò gbà láti tẹ̀ ni yóò yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó gùn ún.

Ẹ̀kẹta ni bẹ́líìtì. Èyí tí ó jẹ́ 146 íǹṣì a máa yà kíákíá, ṣùgbọ́n a máa tètè rì. 165 kì í tètè rì, ṣùgbọ́n ó fẹ́ máa lọ tààrà. 154 wà láàárín méjèèjì. Gígùn eyín rẹ̀ pẹ̀lú ṣe kókó: eyín 3 íǹṣì wà fún òjò dídì tí ó jinlẹ̀ gan-an, 2½ sì tó fún púpọ̀ nínú wa. Ẹ̀kẹrin ni ẹ́ńjìnì. Èyí tí wọ́n ń pè ní 600, tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ti ẹṣin 125, kò yára bíi ti 850, ṣùgbọ́n bí àtàǹpàkò bá ṣèèṣì tẹ iná jù, kì í fò lọ kúrò lábẹ́ ẹni. Ẹ̀karùn-ún ni ara ẹni fúnra rẹ̀: kí ọwọ́ ẹ̀rọ náà bá gíga ẹni mu nígbà tí a bá dìde dúró, nítorí ìdúró ni a fi ń gùn ún lórí òkè, kí ó ní bọ́tìnì tí ń mú un padà sẹ́yìn, kí ó sì ní èyí tí ń ta iná fún ẹ́ńjìnì, bí èjìká kò bá gba fífa okùn mọ́.

Ẹni tí yóò ra àlòkù, kí ó wo eyín bẹ́líìtì bóyá ó ti ya, kí ó sì béèrè wákàtí tí ẹ́ńjìnì ti ṣiṣẹ́. Kí ó béèrè pẹ̀lú ibi tí yóò ti máa rí ohun èlò rẹ̀ rà, nítorí ilé iṣẹ́ kì í wà láéláé nínú iṣẹ́ kan: Yamaha, tí ó ti ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí fún ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ, kéde ní ọdún 2023 pé ẹ̀rọ ọdún 2025 ni yóò jẹ́ ìkẹyìn tí òun yóò tà ní Amẹ́ríkà.

Nígbà tí ó ṣe, a ra àlòkù ọlọ́dún mẹ́ta kan, 600, oní 154 íǹṣì, eyín 2½. A kò ní dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, kí a má baà rò pé a ń kéde ọjà. Kí a tó sanwó, a mú un dùbúlẹ̀, àwa nìkan sì gbé e dìde. Ó ná wa ju ìmí ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ó dìde.

Owó tí ó ṣẹ́kù lára èyí tí à bá fi ra èyí tí ó tóbi ni a fi ra ohun tí a kò ní nígbà àkọ́kọ́. Ewu tí ó tóbi jù lórí òkè wọ̀nyí ni òjò dídì tí ó kó jọ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó sì já lójijì, tí ó ya wálẹ̀ bí odò tí ó fọ́ bèbè. Ibi tí òkè bá dà láàárín 30 sí 45 dígírì ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Ẹni tí ó bò mọ́lẹ̀ kò ní àkókò púpọ̀. Bí a kò bá gbẹ́ ẹ jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwọ̀n mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìrètí á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Nítorí náà olúkúlùkù gbọdọ̀ so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àyà, tí ń ké láìdákẹ́ kí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè gbọ́ ibi tí ó wà. Kí ó ní ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún òjò dídì wò, àti ṣọ́bìrì. Àwa àti ọmọ wa ra wọn ní méjì-méjì, a sì jọ lọ sí ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ni bí a ti ń lò wọ́n. A kọ́ pẹ̀lú láti máa ka ìkìlọ̀ tí Utah Avalanche Center, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, ń gbé jáde ní òròòwúrọ̀ nígbà òtútù.

Ní oṣù kíní ọdún 2024 ni a kọ́kọ́ gùn ún jáde. Ọ̀kan nínú ohun tí ara wa ti gbàgbé ni pé, bí a bá fẹ́ la ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá tí òkè sì wà ní òsì wa, òsì ni a ó fi ara tẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni a ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ sí, a ó sì fún un ní iná díẹ̀. Ó lòdì sí ohun tí ọkàn ń sọ. Ẹni tí ó bá fi agbára jà á yóò ṣubú. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ṣubú ní ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a gbé e dìde láìpe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, okun ṣì kù nínú wa. Èyí kò ṣẹlẹ̀ rí ní ayé ẹ̀rọ ńlá wa.

Ní Sátidé kan ní oṣù kejì, àwa, ọmọ wa àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jáde lọ. Ìkìlọ̀ òwúrọ̀ náà ní ewu wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó kọjú sí àríwá, a sì ti fi ohùn ṣọ̀kan pé a kò ní dé ibẹ̀. Òkè tí a yàn rọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ dà ju bí a ti rò nísàlẹ̀ lọ. Ọmọ wa nìkan gùn ún, nítorí òfin ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo wà lórí òkè ní ìgbà kan. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé orí rẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ rì mọ́ ibi tí ó ti dà. Ó gbé ọwọ́ sókè sí wa.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta iná sí ẹ̀rọ tirẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti lọ ràn án lọ́wọ́. Ọ̀nà tóóró ni a dúró sí láàárín igi. A yí ẹ̀rọ wa kékeré ní ojú kan, a dí ọ̀nà mọ́ ọn, a sì wí pé: "Ọmọ mi, má lọ. Bí òkè náà bá já, ìwọ̀n ẹni méjì ni yóò gbé. Ta ni yóò wá gbẹ́ yín jáde?" Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Kí a má purọ́: ara wa náà fẹ́ lọ. Ọmọ wa ni ó wà lókè. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá yẹn ni a gùn ní ọjọ́ náà, a kò lè búra pé a kò ní fi agbára rẹ̀ gun òkè náà lọ bá a. Agbára tí ó bá wà lọ́wọ́ a máa dán ènìyàn wò láti lò ó.

A sún sí ẹ̀gbẹ́ kan tí òjò dídì kò lè dé bí ó bá já, a sì tẹjú mọ́ ọn. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ni ó fi gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. A kò bá a sọ̀rọ̀, nítorí ohùn kò lè dé ibẹ̀. A ń gbàdúrà, a kò sì di ojú. Nígbà tí ó gbẹ́ ẹ tán, ó yí i padà, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀ ní ojú ipa tí ó bá gùn lọ. Òkè náà kò já. Ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ó bọ́ akoto rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì wí pé: "Bàbá mi, gbogbo ìgbà tí mo bá bojú wo ìsàlẹ̀ ni mo ń rí yín."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí gbólóhùn kan yẹn ni a ṣe padà sórí òkè, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà tí a ń ra ẹ̀rọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń padà sí ohun tí ó ti fi sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ìbáà ṣe oko, òwò, alùpùpù tàbí ipò nínú ìjọ, kí ó má ṣe ra èyí tí ó bá ọkàn ìgbà èwe rẹ̀ mu. Kí ó mú un dùbúlẹ̀ ná, kí ó sì wò ó bóyá òun nìkan lè gbé e dìde. Kí ó sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ó bá ń dán an wò, bí ojú tilẹ̀ ń tì í.

Nígbà tí a dé ilé ní alẹ́ Sátidé náà, a sọ gbogbo rẹ̀ fún aya wa, a kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì dìde lọ bu oúnjẹ wá fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó jókòó tì wá, ó sì bá wa jẹ ẹ́.

Kí Olúwa kí ó pa ìwọlé àti ìjáde àwọn ọmọ yín mọ́. Ó dìgbà kan ná.